Ohùn Ojúẹlẹ́gbá Nínú Àwo Orin Méjì

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a sì máa náání èépá igi. Òwe yìí ni ó ń dá mi lẹ́bi láti ìgbà tí mo ti gbọ́ àwo orin méjì kan tí Emeka Ogboh ṣe, tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ Ìgbò ni Ogboh, a bí i ní 1977. Láti 2008 ni ó ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ìgboro Èkó, tí ó ń gba ohùn ọjà, ohùn ọkọ̀, àti ohùn àwọn tí ń pe èrò sínú dáńfó. Beyond the Yellow Haze ni orúkọ àwo kìn-ín-ní. Ilé-iṣẹ́ A-TON ní Berlin ni ó gbé e jáde ní 2021. Èkejì jáde ní 2022 láti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Danfotronics. Orúkọ èkejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá; nọ́ńbà ni: 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Bí ẹ bá wá nọ́ńbà náà lórí àwòrán ilẹ̀, Ojúẹlẹ́gbá ni ẹ ó bá ara yín.

Mo béèrè nípa wọn nínú kíláàsì wa. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ orúkọ Ogboh rí, nítorí orin orílẹ̀-èdè Jámánì tí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ní èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá pẹ̀lú, fún ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà Venice ní 2015. Àwo méjèèjì kò dé etí wa. Àwọn tí ó ń jó sí irú orin bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó kò gbọ́ èdè tí ó wà nínú rẹ̀. Àwa tí a gbọ́ èdè náà kò mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá fetí sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní, “Ṣé ariwo gáréèjì kọ́ nìyí? Ohun tí à ń sá fún ni o wá gbé wọlé?”

Ìbéèrè rẹ̀ yẹ fún ìdáhùn. Èkíní, orin báyìí kì í ṣe àlejò ní Áfíríkà. Ní 1944, ní Cairo, Halim El-Dabh gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sára wáyà lọ síbi ètùtù ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní zaar. Ó mú ohùn àwọn obìnrin tí ó gbà níbẹ̀ wálé, ó yọ díẹ̀ kúrò, ó fi gbohùngbohùn kún un, ó sì sọ ọ́ di orin. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní 1948, ni Pierre Schaeffer tó fi ohùn ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Paris. Bí ọkọ̀ ojú irin àwọn ará Faransé bá lè di orin, kí ni dáńfó ṣẹ̀?

Èkejì sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti mọ́ àwa tí ìlù dùndún ń bá sọ̀rọ̀ lára láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orin. Onílù a mú ẹnu kúrò lára ọ̀rọ̀, a fi ohùn nìkan sílẹ̀, síbẹ̀ a ó gbọ́ ohun tí ó wí. Ogboh fi ẹnu sílẹ̀ ní tirẹ̀, ó mú ìgboro kúrò. Nígbà tí kọ́ńdọ́ bá ké “Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!” ní ibùdókọ̀, owó àpò wa ni à ń rò. Ẹ gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tí ó pa rọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀: re mí, dò mí, mí dò, re re. Orin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Èyí kò wí pé àwo méjèèjì kò ní àbùkù. Àwo kìn-ín-ní ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìlù ẹ̀rọ rẹ̀ rinlẹ̀, Èkó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé a wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìlù a máa bo ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò pàdánù ohun púpọ̀ níbẹ̀, èyí sì dùn mí. Àwo kejì sàn jù. Ìlù ṣì wà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yà fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Fela ti sọ ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ nínú Confusion ní 1975. Wizkid náà fi orúkọ ibẹ̀ pe orin kan nínú àwo Ayo ní 2014. Ogboh jẹ́ kí àwọn ará Ojúẹlẹ́gbá sọ tẹnu wọn. Orúkọ àwo náà ni n kò fara mọ́. Nọ́ńbà lè mú ẹ̀rọ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni ó fún ibẹ̀ lórúkọ, Èṣù tí ó ni oríta. Ta ni ì bá tún yẹ oríta Ojúẹlẹ́gbá jù ú lọ?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nísinsìnyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe kọ́ńdọ́ fún ọdún méjì láàárín Múṣìn àti Ojúẹlẹ́gbá. Owó tí ó ń mú wálé ni a fi san owó ìdánwò tí ó gbé mi dé yunifásítì. Ní ọdún kìn-ín-ní mi, olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù mú àpẹẹrẹ lítíréṣọ̀ alohùn wá láti ilé rẹ̀. Mo lọ da ìjálá kọ láti inú ìwé. Kò sí ọdẹ ní ìdílé wa rí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi wà létí mi ní ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ni ó ń tì mí.

Nígbà tí mo gbọ́ àwo kejì tán, mo tẹ̀ ẹ́ láago pé kí ó pe èrò kí n gbà á sílẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àbúrò mi, a kì í pe èrò níbi tí kò sí ọkọ̀.”

Ní 2017, gómìnà Èkó ìgbà náà kéde pé òun yóò mú dáńfó kúrò ní ìgboro. Dáńfó ṣì wà, ṣùgbọ́n ta ni ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, bí a ti ń gba ìjálá àti ẹ̀sà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí á gba igbe kọ́ńdọ́ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá àwo méjèèjì gbọ́. Èkejì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tí ń pe èrò, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá a nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà.