Àgádágodo Lẹ́nu Ìwé

Nínú gbogbo ọ̀nà tí ìwé Yorùbá lè gbà dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lẹ́yìn odi, kò sí èyí tí ó yá tó títa ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo Boribana, ní Attécoubé, nínú ìlú Abidjan. Àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti pẹ́ ní Abidjan. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́, ìwé Yorùbá kì í sì í ṣe ohun tí à ń rí rà ní gbogbo igun ọjà níbẹ̀. Ní ọdún 2024 ni a wó ọ̀pọ̀ ilé ní Boribana, tí oníkálukú ń ru ẹrù rẹ̀ kiri. (Ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò yìí ní èdè Júlà ni pé sísá ti parí. Ó mà ṣe o!) Ìwé inú fóònù kò wúwo, ẹni tí a lé kúrò nílé lè mú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dání.

Nítorí náà èmi kò bá títà náà wí. Àgádágodo tí a ń fi sẹ́nu irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá wí, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwé ṣí níbòmíràn àfi nínú ẹ̀rọ tí ẹni tí ó tà á bá fọwọ́ sí. Lọ́dọ̀ Amazon, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni a ń bi léèrè bóyá kí a tì í tàbí kí a má tì í. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń wí pé kí a tì í. Ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún kọ ìwé, tí àwọn ẹlẹ́rọ ẹ̀dà sì ń jẹ èrè rẹ̀, kò lè má bẹ̀rù. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, ẹ̀yin olùkọ́: lórí tábìlì wa ni irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ta ni àgádágodo yìí ń dí lọ́nà? Olè kan ṣoṣo ni yóò fọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni ìwé yóò ti máa ti fóònù dé fóònù. Ẹni tí ó fi owó rà á ni àgádágodo kù sí lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, ilé ìtẹ̀wé Tor mú un kúrò lẹ́nu gbogbo ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ní àwọn kò rí i kí olè jíjà pọ̀ sí i. Òótọ́ ni pé ọjà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo tiwa. Okechukwu Ofili dá Okadabooks sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2013, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tí kò rí ilé ìtẹ̀wé kan gbà wọ́n ni ó sì rí ọjà níbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó kógbá sílé. Bí ẹni tí ń ta ìwé lẹ́bàá ọ̀nà bá kógbá sílé, kì í wá sí yàrá wa láti kó èyí tí ó ti tà. Nínú ẹ̀rọ Okadabooks ni a ti ń ka ìwé tí a bá rà níbẹ̀. Ní 2019 tí Microsoft ti ilé ìwé tirẹ̀, ó dá owó padà fún àwọn oníbàárà. Ìwé kò sí mọ́. Ní 2009 Amazon tilẹ̀ nawọ́ wọ inú ẹ̀rọ àwọn ènìyàn, ó yọ ìwé George Orwell tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, kí ó tó wá tọrọ àforíjì.

Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára kí òfin mú ẹni tí ń ta ohun olóhun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ọ̀nà láti yọ ìwé ara rẹ̀ kúrò nínú ilé ìtajà tí ó ń kú lọ, kí ni ó jí?

Ọ̀nà mìíràn wà: a lè tẹ orúkọ ẹni tí ó rà á sójú ewé ẹ̀dà tirẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó mú un lọ síbi tí ó wù ú; ojú yóò ti ẹni tí ó bá fẹ́ pín in kiri. Bí òǹkọ̀wé bá sì fẹ́ bá ilé ìtajà kan ṣe àdéhùn, kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé: bí ẹ bá kógbá sílé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà? Bí wọn kò bá rí èsì kan fọ̀ sí i, kí ó wí fún wọn pé kí wọ́n má ti ìwé òun.