Ère Amazone Kútọnu àti Ìtàn Tí Kò Sọ

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ni Ààrẹ Patrice Talon ṣí aṣọ lórí ère ńlá tí ó dúró nítòsí Palais des Congrès ní Kútọnu. Ère náà ga tó mítà 30. Obìnrin ni, ìbọn wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, idà kúkúrú wà ní ọwọ́ kejì. Amazone ni àwọn òyìnbó ń pe àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì. Àwọn Fọ̀n a máa pè wọ́n ní Mino, èyí tí í ṣe "ìyá wa". Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn kò ti tán lórí rẹ̀. Àwọn kan ń bèèrè ìdí tí a fi gbé iṣẹ́ náà fún Li Xiangqun, oníṣẹ́-ọnà ará Ṣáínà, nígbà tí àwọn tí ń fi idẹ ṣe ère kò wọ́n ní Agbómẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó dun àwa ọmọ Nàgó jù lọ yàtọ̀ sí èyí: ṣé ó yẹ kí ère àwọn tí ó kó Kétu máa wò wá láti òkè? Àwọn kan láàárín wa tilẹ̀ ń sọ pé kí a gbé e kúrò.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó gún régé, ó sì ní ọlá. Àléébù rẹ̀ ni pé obìnrin náà dá dúró. Ogun kò sí níbẹ̀, ọ̀tá kò sí níbẹ̀, ẹrú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó kò lè mọ ẹni tí ó ń bá jà. Ẹ fi í wé àwọn àwòrán amọ̀ tí ó wà lára ògiri ààfin Agbómẹ̀, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 1985. Àwọn oníṣẹ́-ọnà ọba kò fi nǹkan pa mọ́: ogun àwọn Nàgó wà lára ògiri náà, aṣẹ́gun wà níbẹ̀, ẹni tí a ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìfọ́nnu ọba ni, síbẹ̀ òtítọ́ pọ̀ nínú ìfọ́nnu yẹn ju èyí tí ó wà nínú ère òde òní lọ.

Òtítọ́ náà kò ṣòro láti sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, àwọn obìnrin wọ̀nyí wà nínú ogun tí Ọba Gezo kó lọ bá Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé padà. Ní 1862, Dàhòmì pa Ìsàgà run. Ní 1864, wọ́n tún padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì tún fìdí rẹmi. Ní 1886, Kétu ṣubú. A jó o, a sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Àwọn Mino kan náà ni ó bá àwọn Faransé jà ní Kútọnu níhìn-ín ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1890, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ìgboyà wọn kì í ṣe irọ́. Iná Kétu pẹ̀lú kì í ṣe irọ́. Àpá kò lè jọ ara.

Kí ni kí a wá ṣe? Ní Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, a gbé ère Faidherbe kúrò ní 2020, ère tí a kọ sí lára pé Sẹ̀nẹ̀gà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé a bi àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà léèrè. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú kọ́kọ́ béèrè pé kí a kọ òtítọ́ nípa òwò ẹrú sí abẹ́ ère Edward Colston. Wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí a ó kọ títí, a kò kọ ohunkóhun. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2020, ère náà wọ inú omi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àìgbà kí a sọ apá kejì ìtàn ni ó máa ń wó ère.

Tiwa yàtọ̀ sí ti Bristol. Àwọn Mino kì í ṣe àjèjì. A kó àwọn kan nínú wọn fúnra wọn lójú ogun nígbà èwe wọn. Bí a bá sì fẹ́ òtítọ́ lọ́wọ́ Agbómẹ̀, kí àwa náà má gbàgbé pé Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé àwọn ìlú wa náà ta ènìyàn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Dantokpa, sọ́dọ̀ ìyá kan, ọmọ Kétu, tí ń ta aṣọ. Ọmọ Agbómẹ̀ ni ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tirẹ̀; àwọn méjèèjì jọ ń ṣẹ́ owó fún ara wọn. Mo ní, "Ìyá, ṣé kí wọ́n wó o?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá wó o lónìí, ta ni yóò tún bèèrè ohun tí ó ṣe? Kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wa síbẹ̀."

Èrò tèmi náà nìyẹn. Kí a kọ Kétu, Ìsàgà àti Abẹ́òkúta sí ẹsẹ̀ ère náà, ní èdè Fọ̀n, ní Yorùbá àti ní Faransé. Kí àwọn olùkọ́ tí ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo Amazone kó wọn lọ sí Kétu pẹ̀lú, kí wọ́n rí ẹnubodè Àkàbà Ìdènà. Kí a sì yára, nítorí ìjọba ti pinnu láti kó Dantokpa náà kúrò ní etí omi, kí òwò osunwọ̀n lọ sí Akassato. Ọjọ́ tí ìsọ̀ méjì yẹn bá pínyà, ìyá wa kò ní sí nítòsí mọ́ láti sọ apá tí ère kò sọ.