Èrò Ọ̀nà Tàbí Èrò Ọkọ̀? Lámèyítọ́ Lórí Àwọn Ìwé Tí Kristẹni Fi Ń Rin Ìrìn-àjò Ìgbàgbọ́

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dúró ní ìkóríta Rumuokoro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan láti ẹnu àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Agbèrò ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ikwerre ń lò ó, ọmọ Ogoni ń lò ó, Igbo àti Ijaw náà ń lò ó nínú Píjìn wọn. Ẹni tó ń gba èrò sínú ọkọ̀ ni agbèrò, èrò sì ni ẹni tó wọkọ̀, tó sanwó, tó jókòó, tí awakọ̀ ń gbé lọ síbi tó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà, èrò, ló wà ní ẹ̀yìn ọ̀kan lára àwọn ìwé ìtàn ìgbàgbọ́ tó pẹ́ jù ní èdè Yorùbá: Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, ìtumọ̀ tí David Hinderer ṣe fún The Pilgrim's Progress tí John Bunyan kọ, tó jáde ní 1866. Ṣùgbọ́n èrò inú ìwé yẹn kò wọ ọkọ̀ kankan. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àpilẹ̀kọ yìí. Nínú àwọn ìwé tí Kristẹni ń kà láti gbé ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ ró, nínú èwo ni òǹkàwé ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, nínú èwo sì ni ó ti jókòó sẹ́yìn tí ẹlòmíràn ń wà á lọ? A kò wá láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọ kankan tàbí òǹkọ̀wé kankan. Ohun tí a rí ni pé ìyàtọ̀ náà máa ń fara hàn lọ́jọ́ tí iyèméjì bá dé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ wa ni ọjọ́ náà sì ń bá láìmúra sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni ọ̀rọ̀ ìwé Yorùbá ń wá ní ilẹ̀ Ikwerre, kí ó rántí pé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kò lè dárúkọ odindi Bíbélì Yorùbá ti 1884 kí a má dárúkọ rẹ̀, òun kan náà ló dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Bonny láàárín ọdún 1860 sí 1870. Ọmọ rẹ̀, Dandeson Crowther, di áṣídíákónì ní ẹkùn odò yìí kan náà. Ọ̀nà tí ìwé ń gbà láàárín ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ odò kì í ṣe ọ̀nà àná.

Èrò nígbà tí ọ̀nà dí

Ará Jámánì ni Hinderer, ẹgbẹ́ CMS ló rán an. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà láti Ìbàdàn sí etí òkun dí mọ́ wọn. Ebi pa wọ́n, ẹrù wọn kò dé, lẹ́tà pàápàá di ọ̀wọ́n. Ọdún 1865 ni ogun náà parí, ìwé sì jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá ń ka ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó mọ ohun tí ọ̀nà dídí ń ṣe fún ènìyàn ló túmọ̀ ìwé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ta ni èrò ní ayé ìgbà náà? Ẹni tó di ẹrù lórí ni, tó ń bá ẹgbẹ́ rìn kí ajínigbé má baà mú un tà, tó ń dúró lọ́dọ̀ oníbodè kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá, tí kò sì mọ̀ bóyá òun yóò padà rí ilé. Òǹkàwé Yorùbá tó kọ́kọ́ ka ìwé náà kò nílò àlàyé fún ẹrù tó wà lẹ́yìn ẹ̀dá-ìtàn, fún ẹnubodè, tàbí fún òmìrán tó ń mú àwọn tó bá gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ti rí wọn. Isabel Hofmeyr, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2004, fi hàn pé ìwé Bunyan ti di títúmọ̀ sí nǹkan bí 80 èdè Áfíríkà. A rò pé ọ̀kan lára ìdí rẹ̀ nìyí, pé àwọn tó kà á mọ ìrìn ẹsẹ̀.

A fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà èrò gan-an. Mímọ́ tí Hinderer fi kún un ni kò tẹ́ wa lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Lójú ìwé àkọ́kọ́, aṣọ àkísà ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, ẹkún ló ń sun, kò sì mọ ibi tí yóò sá gbà. Ó ti yá jù láti pè é ní mímọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dun èrò

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ṣí i, ó ń kà á, ó ń sunkún. Òǹkàwé ni Bunyan fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ìwé tó ń kà ló jẹ́ kó mọ̀ pé ewu ń bọ̀ wá bá ìlú òun, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbà á gbọ́. Ajíhìnrere yọ sí i, ó nawọ́ sí ẹnubodè kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ohun tí Ajíhìnrere ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó nawọ́, kò gbé e.

Èyí tó jẹ́ ohun ìyanu sí wa jù ni ibi tí Bunyan fi ìtúsílẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí tí à ń kà lónìí, ọjọ́ tí ẹrù bọ́ lẹ́yìn ènìyàn ni ìtàn parí. Ìyókù di orin àti ìdúpẹ́. Nínú ìwé yìí, ẹrù náà bọ́ lẹ́bàá àgbélébùú, ó yí wọ inú ibojì, a kò rí i mọ́, síbẹ̀ apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn èyí ni òkè, ni àfonífojì, ni ọjà asán tí wọ́n ti pa Olóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí náà ni Ilé-olódi Iyèméjì. (Yorùbá tiwa ni a fi ń pe àwọn orúkọ wọ̀nyí.)

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nínú ilé-olódi náà. Bí àwọn méjèèjì ṣe débẹ̀ kò le rárá: ọ̀nà tààrà ń dun ẹsẹ̀ wọn, wọ́n rí pápá tútù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yà. Òmìrán Àìnírètí mú wọn, ó tì wọ́n mọ́ àjàalẹ̀, ó nà wọ́n, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n pa ara wọn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti bọ́ ni ìyà yìí ń jẹ. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣílẹ̀kùn náà, Ìlérí ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti wà láyà ọkùnrin náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Bunyan kò sọ pé ẹni tó ṣiyèméjì kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó fún iyèméjì ní ilé, ó fún un ní adúgbò, ó sì jẹ́ kí àwọn tó jáde níbẹ̀ ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i lára fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin tó kọ èyí mọ ilé ẹ̀wọ̀n: ọdún 12 ló lò ní Bedford nítorí pé ó wàásù láìgba àṣẹ, kí apá kìíní ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1678.

Lópin ọ̀nà, odò kan wà tí kò ní afárá. Èrò wa bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Onírètí, ló ń gbé orí rẹ̀ sókè. Aláìmọ̀kan náà dé etí odò kan náà. Kò fẹsẹ̀ kan omi. Atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìrètí-Asán, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó tù ú kọjá. Nígbà tó dé ẹnubodè, wọ́n bi í léèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò ní. Wọ́n dè é, wọ́n jù ú sí ọ̀run àpáàdì. Ìyẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ìwé náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èbúté Port Harcourt, tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bonny rí, yóò mọ bí ó ti dùn tó láti jókòó kí ẹlòmíràn tu ọkọ̀. Aláìmọ̀kan nìkan ni èrò ọkọ̀ nínú ìtàn Bunyan.

Àwọn ìwé tó ń gbé ènìyàn

Nípa Fágúnwà, a kò ní pẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St Andrew's College, Ọ̀yọ́, ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, àwọn onímọ̀ bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ti tọ́ka sí ipa Bunyan lára rẹ̀. Ọdẹ rẹ̀ náà ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyẹn tó.

Ní 1987, Scripture Union ní Ìbàdàn tẹ ìwé kékeré kan jáde, Delivered from the Powers of Darkness, ẹ̀rí tí Emmanuel Eni kọ nípa ara rẹ̀: bí ó ṣe wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, bí ó ṣe dé ìlú abẹ́ òkun, bí ó ṣe gba agbára, àti bí Kristi ṣe gbà á. Ìwé náà dé Ghana, níbi tí Birgit Meyer ti kọ àpilẹ̀kọ ní 1995 lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ohun kan nínú rẹ̀. Kò fi ẹ̀rù òǹkàwé ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn míṣọ́nárì fi lé wa lọ́wọ́ kò rí nǹkankan sọ sí ẹni tó ń bẹ̀rù Màmí Wọ́tà ju pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọgbọ́n ìsọ̀tàn rẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ti dé ibi tó ń sọ. Òǹkàwé kò lè dé ibẹ̀, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Kí ló kù fún un láti ṣe? Kó bẹ̀rù, kó yọ̀ pé ẹlòmíràn bọ́, kó sì máa wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìfura. Fèrèsé ọkọ̀ ni ó ń gbà wo òkun.

Àwọn ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí èyí. Daily Manna ti ìjọ Deeper Life wà, Open Heavens ti Enoch Adeboye náà wà, èyí tí a ń túmọ̀ sí Yorùbá. Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru lè ka ojú-ìwé kan nínú kẹ̀kẹ́ kó tó délé. A kò lè fojú tín-ín-rín ìyẹn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni bí a ṣe hun wọ́n pọ̀. Déètì ló ń darí òǹkàwé. Bí ó bá fo ọjọ́ mẹ́ta, kò pàdánù ìtàn kankan, nítorí ojú-ìwé ti òní kò dúró lórí ti àná. Ọdún á yí, yóò ra òmíràn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Èrò Bunyan kò lè dé odò kó tó dé ilé-olódi. Òǹkàwé ìwé ojoojúmọ́ lè wọlé níbikíbi, kó sọ̀ níbikíbi. Lójú tiwa, ètò kíka Bíbélì já láàárín ọdún kan, tí Open Heavens máa ń tẹ̀ mọ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ni apá tó dára jù níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àná ti kan òní. Ó sì jẹ́ apá tó rọrùn jù láti fò.

Ẹnìkan lè sọ pé Bunyan fúnra rẹ̀, nínú apá kejì tó jáde ní 1684, fún ìyàwó àti àwọn ọmọ ẹ̀dá-ìtàn náà ní ẹ̀ṣọ́ akọni kan tó ń sìn wọ́n lọ. Òótọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ náà ń bá wọn jà, ó ń dúró de àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń rìn. Sísìn yàtọ̀ sí gbígbé, àwa olùkọ́ ló sì yẹ kó mọ èyí jù.

Nínú kíláàsì

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni pé àwọn tí à ń kọ́ ni yóò lọ yan ìwé fún àwọn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń ka ìwé ìṣẹ́gun láti kékeré, tí ìyá rẹ̀ wá kú nígbà tó wà ní ọdún kejì NCE, lè wá gbogbo ìwé rẹ̀ kó má rí ojú-ìwé kan tó gbà pé onígbàgbọ́ lè wà nínú àjàalẹ̀. Yóò rò pé òun kò gbàgbọ́ rí. A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

A dábàá pé kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ Kristẹni jùmọ̀ kọ́ Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ fún sẹ́mẹ́sítà kan, kí a kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí kan àti ìwé ojoojúmọ́ kan. Kí a má béèrè ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wa. Ìbéèrè yẹn ti sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí a ní kí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà inú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ibi tí òǹkàwé dúró hàn, kí wọ́n sì sọ ta ló wà lórí ìrìn.

Níwọ̀n bí ìpàdé yìí ti jẹ́ ti elédè púpọ̀, ìbéèrè kan kù tí àwa elédè Yorùbá kò lè dáhùn. Kí ni ọmọ Ikwerre, Kalabari àti Ogoni ń pe ẹni yìí ní èdè wọn? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, àbí òun náà ti wọ ọkọ̀ ní Rumuokoro?