Ìgbà Wo Ni Ẹgbẹ́ Ń Di Ìjàǹgbara?

Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ní alága, akápò àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá ló ń pe ara rẹ̀ ní "movement" báyìí. Àwọn tó ń polongo ìbò fún olóṣèlú gan-an ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, orúkọ yẹn ò bá wọn mu rárá.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ló kọ́kọ́ wà nínú Abeokuta Ladies' Club ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ẹgbẹ́ gidi ni, àmọ́ kò ju ẹgbẹ́ lọ. Ìgbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wọlé, tí wọ́n gbé ẹjọ́ owó orí àti ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn dé, ni nǹkan yí padà. Ní 1946 ó di Abeokuta Women's Union. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tú síta, nígbà tó sì di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Àgbẹ́kọ̀yà ńkọ́? Gbólóhùn odindi ni orúkọ yẹn: àgbẹ̀ kọ ìyà. Ó sọ ẹni tó ń jà, ó sọ ohun tó kọ̀. Àgbẹ̀ tó bá kọ̀ láti san owó orí ní 1968 ti wà nínú ìjà náà, bí kò tilẹ̀ dé ìpàdé rí. Ní 1969, ìjọba dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ohun mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀: ẹ̀sùn kan pàtó sí ẹni tó ní agbára, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bá wọn jà, àti ìfaradà tó ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹlòmíì á ní ètò ló ṣe pàtàkì jù. Ètò dára o. Àwọn ọ̀dọ́ EndSARS ṣètò oúnjẹ àti agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n wọn ò ní alága, síbẹ̀ ìjọba kéde ìtúká SARS ní ọjọ́ 11, oṣù Ọ̀wàrà, 2020.

Bí ẹgbẹ́ kan níbí ní Igbódìgò bá dáwó tún ọ̀nà ṣe, iṣẹ́ rere ni. Bí wọ́n bá bi ìjọba léèrè owó ọ̀nà, tí ará Òkìtìpupa tí kò mọ̀ wọ́n rí bá ń bá wọn bèèrè, tí wọn ò sì dákẹ́, ìjàǹgbara ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Torí pé bí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń jẹ́ ìjàǹgbara, olóṣèlú á kàn fún alága kan lówó ni, á sì ní òun ti gbọ́ ohùn ará ìlú.