Ìran Púpọ̀ Lórí Igi Kan

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Àwa tí à ń gbẹ́ ẹ nílẹ̀ Yewa mọ wàhálà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ibo ni ìran kan yóò parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo àyè tí a ní kò ju orí ènìyàn lọ?

Ojú ère fúnra rẹ̀ kì í dà mí láàmú. Ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní láti tutù, kí ilà rẹ̀ sì gún, nítorí àwọn ìyá wa ni à ń fi í gẹ̀. Òkè orí niṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ti ń gbé èrò, ibẹ̀ náà ni ejò àti ẹyẹ ti ń jà. Agbẹ́gilére tó bá kó gbogbo wọn jọ sójú kan bí ẹrù ọkọ̀ Ìdí-Ìrókò ti fi igi ṣòfò. Ojú òǹwòran kò ní mọ ibi tí yóò bà lé.

Igi ìré ni mo fẹ́ràn, nítorí ó fúyẹ́ lórí oníjó. Nígbà ọ̀nà lílé, tí àáké nìkan ń ṣiṣẹ́, n kì í tíì ro ti ènìyàn tàbí ẹranko kankan. Igi ni mo ń pín: èyí fún iwájú, èyí fún ọ̀tún, èyí fún òsì, èyí fún ẹ̀yìn, mo sì ń jẹ́ kí àárín wọn jin. Nígbà alétúnlé ni apá àti ẹsẹ̀ máa ń yọ. Dídán tẹ̀ lé e, fífín ló kẹ́yìn. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Duga ará Ìmẹ̀kọ náà lò ó, ẹni tí William Bascom ará Amẹ́ríkà jókòó tì wo iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1950. Bí ìpín bá ti wọ́ láti ọ̀nà lílé, kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe nígbà fífín.

Ejò ni ògiri mi. Mo máa ń mú un gbéra níwájú orí, kó lọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá dé ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, wọn kò mọ̀ pé ààlà ni. Nítorí ó wà níbẹ̀, ẹyẹ tó wà lókè rẹ̀ lè tóbi tó ọ̀kadà tó wà nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bèèrè ìdí. Níbi tí kò bá ti sí ejò, mo lè lo ìdí gèlè, tàbí kí n fi igi sílẹ̀ lófìfo, kí n kùn ún ní ọ̀dà kan ṣoṣo. Òfìfo yìí lẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn ọmọ iṣẹ́ jù. Kíá, wọ́n á ti fẹ́ gbẹ́ alángbá sí i.

Ẹgbẹ́ kan wá bá mi pé kí n gbé rélùwéè sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àwọn, nítorí ọ̀nà irin àtijọ́ tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaró lọ sí Ìdógò. Inú mi dùn, torí ọkọ̀ yẹn ti pín ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo tẹ̀ ẹ́ yí orí po. Ẹ́ńjìnnì àti ẹni tó ń wà á nìkan ló wà níwájú. Wágónù ọ̀tún kó àwọn ìyá oníṣòwò àti agbọ̀n obì wọn. Ní òsì, ayẹ̀wé-ọkọ̀ dúró ṣánṣán, ọkùnrin kan sì ká gúlútú sábẹ́ ìjókòó. Ẹ̀yìn ni mo fi ajá kan ṣoṣo sí, tó ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn yẹn ṣófo jù. Mo ní kí wọ́n dúró dọjọ́ ijó.

Oníjó ló máa ń parí iṣẹ́ wa. Agbo yí i ká ní ojú ọjà, kò sì sí ẹni tó lè rí ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìkù bá ti ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó sì yí, ìran kan wọlé, òmíràn jáde. Méjì-méjì sì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó, nítorí náà ohun tó bọ́ lójú ẹ lára èkínní, o lè bá a lára èkejì. Lọ́jọ́ náà, ajá yẹn gan-an ni àwọn ọmọdé ń pariwo lé.

Lọ́dún 2001 tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ogún gbogbo ayé ni, orin, ijó àti aṣọ wà nínú ohun tí wọ́n kà kún un. Wọn kò dá igi nìkan yọ. Síbẹ̀ ara ògiri ni àwọn tó ń ra ère lọ́wọ́ wa sábà máa ń gbé e kọ́, ìdajì ìran á sì dojú kọ sìmẹ́ńtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lé orí àpótí láàárín pálọ̀, kí àlejò lè rìn yí i ká. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ògiri lòun ń gbé e lọ, kó tètè sọ kí n tó sọ àáké sígi. Màá gbẹ́ iwájú nìkan fún un, owó rẹ̀ á sì dín.