Ta ni yóò gbà á, ta ni ó yẹ kí ó gbà á?

Eré kan ti ń gbilẹ̀ láàrin àwọn ìdílé wa láti ọdún mélòó kan wá. Bí wọ́n bá ti ka orúkọ àwọn fíìmù àti àwọn òṣèré tí yóò du ẹ̀bùn Oscar jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ á pín bébà fún ara wọn, oníkálukú á kọ orúkọ ẹni tí ó rò pé yóò gba ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan, wọn á sì kó bébà náà fún ẹnì kan pa mọ́. Ní òru ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ń pín ẹ̀bùn náà ní Los Angeles, àwa tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á fi ojú oorun jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, a ó máa fi bírò sàmì sí èyí tí ó bọ́ sí i àti èyí tí ó yẹ̀. Kò sí owó níbẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó bá borí ń gbà kò ju ẹnu lọ: yóò máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá títí ọdún á fi yípo, kò sì ní jẹ́ kí a sinmi níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó àti ní ìpàdé ẹgbẹ́.

A kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu eré. Yorùbá kò kórìíra kí ènìyàn fọ́nnu lórí eré. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ọ̀ta kì í fi ẹnu sílẹ̀ fún ọ̀pẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ọmọ ayò ni ó ń bú u, àwọn òǹwòran náà sì ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ìfọ́nnu ayò dùn nítorí pé ọwọ́ ọ̀ta fúnra rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Orí rẹ̀ ni ó fi mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí nínú ọmọ ayò 48. Ohun tí a fẹ́ bèèrè nípa eré Oscar yìí ni pé: iṣẹ́ ọwọ́ ta ni a fi ń fọ́nnu?

Lójú tiwa, ó jọ tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù ju ayò lọ. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí àwọn bàbá tí ń jókòó ti kúpọ́ọ̀nù ní Ìbàdàn àti ní Èkó, tí wọ́n ń sàmì sí Aston Villa àti Stoke City bí ẹni pé àdúgbò wọn ni ẹgbẹ́ náà wà. Wọ́n mọ àwọn tí yóò gbá ọ̀mì, wọ́n mọ nọ́ńbà tí ó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò rí ìkankan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà kí ó gbá bọ́ọ̀lù rí. Bí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá lọ sí ìsinmi, wọ́n á yí sí ti Ọsirélíà, tẹ́tẹ́ á sì máa bá a lọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, wọn kò wo bọ́ọ̀lù. Bákan náà ni ènìyàn ṣe lè jẹ́ ọ̀gá nínú eré Oscar láìwo ju fíìmù méjì lọ nínú ọdún.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń dìbò Oscar wà nínú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ Hollywood, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì ń pín ẹ̀bùn tiwọn ṣáájú. Láti òpin àwọn ọdún 1940 ni ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù ti ń yan olùdarí tí wọ́n kà sí ọ̀gá, ìgbà tí ẹni tí wọ́n yàn kò sì gba Oscar olùdarí kò tó mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fún Sam Mendes ní tiwọn ní 2020 nítorí fíìmù 1917, tí Oscar sì lọ sọ́dọ̀ Bong Joon-ho nítorí Parasite, ẹnu ya gbogbo ènìyàn, nítorí kì í ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn ti lè da ìdajì bébà rẹ̀ kọ kí ó tó wo fíìmù kankan.

Ti ẹ̀bùn fíìmù tí ó dára jù lọ tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láti ayẹyẹ ọdún 2010, olùdìbò kì í mú ẹyọ fíìmù kan. Yóò tò wọ́n ní ipò, èkíní, èkejì, títí dé òpin. Bí kò bá sí èyí tí ó ní ju ìdajì ìbò èkíní lọ, wọ́n á yọ fíìmù tí tirẹ̀ kéré jù, wọ́n á sì pín bébà àwọn tí ó fi í ṣe èkíní fún fíìmù tí wọ́n fi ṣe èkejì. Wọn á máa yọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀kan á fi kọjá ìdajì. Ohun tí àwọn ọ̀gá àsọtẹ́lẹ̀ rí kọ́ nínú èyí ni pé kí a má kọ fíìmù tí àwọn kan fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn tí àwọn mìíràn kò sì fẹ́ rí sójú; kí a kọ èyí tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ìmọ̀ ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa olùdìbò ni, kì í ṣe nípa fíìmù.

(Bí kì í bá ṣe àpòòwé, eré yìí kì bá má tilẹ̀ sí. Ní ayẹyẹ àkọ́kọ́ ní 1929, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti kéde àwọn tí ó gbà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fún àwọn ilé ìwé ìròyìn ní orúkọ wọn kí wọ́n fi pa mọ́ di aago mọ́kànlá alẹ́, àfi ní 1940 tí Los Angeles Times gbé e jáde kí àwọn àlejò tó dé ibi ayẹyẹ. Láti 1941 ni wọ́n ti ń fi àpòòwé bò ó.)

Bí ó bá jẹ́ pé àìwo fíìmù nìkan ni, a kì bá má dá bébà sí i. Ohun tí ó ń dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí orúkọ David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford, tí ó ṣe Martin Luther King nínú Selma tí Ava DuVernay darí. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ilé bí ẹni tí ó ti rẹ̀ dé egungun, àfi tí ó bá bọ́ sí orí pẹpẹ tí ohùn náà á wá là. Kò sín King jẹ, àárẹ̀ ọkùnrin náà ni ó gbé wọ̀. Ẹ sì rántí pé àwọn ọ̀rọ̀ King gan-an kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, nítorí pé ẹ̀tọ́ sí wọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. DuVernay ni ó jókòó kọ ọ̀rọ̀ tí ó dún bí ti King láìjẹ́ ti King. Nígbà tí orúkọ jáde, Selma wà lára àwọn fíìmù tí ó ń du ipò kìíní, orin rẹ̀ náà wà níbẹ̀, orin náà sì padà gba ẹ̀bùn. Oyelowo kò sí níbẹ̀. DuVernay kò sí níbẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo òṣèré 20 tí wọ́n yàn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì tún rí ní 2016. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: ní 2012, ìwé ìròyìn Los Angeles Times ti wádìí àwọn olùdìbò, ó sì rí i pé nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ aláwọ̀ funfun, 77 nínú ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ọkùnrin.

Ẹ wá wo bébà ọdún náà. Ẹni tí ó kọ Oyelowo ti pàdánù. Ẹni tí ó ní “ẹ má da ara yín láàmú, wọn kò ní mú un” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Eré náà ti sọ ẹni tí kò retí ohun rere fún wa di ọ̀gá, ó sì fi ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ náà ṣe ọ̀pẹ̀. Àwọn ọmọ wa jókòó níbẹ̀ nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá ti bá wa ṣe é fún ọdún mẹ́ta, yóò ti kọ́ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kọ́ ọ, pé ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó ti mọ̀ ṣáájú pé a kò ní dé ibẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò sì máa fi sọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó sọ pé òjò ń bọ̀ kọ́ ni ó rọ òjò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé òjò ń bọ̀ kì í jó nígbà tí omi bá ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọdún 2017 ni a fi mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. La La Land ni gbogbo ọ̀gá kọ, nítorí ìgbà 14 ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Fíìmù tí ó dára ni, ó dùn-ún wò. Àwọn kan láàrin wa kọ Moonlight ti Barry Jenkins, a sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkàn ni wọ́n fi ń kọ, wọn kò lo ọgbọ́n. Gbogbo ayé mọ bí ó ṣe parí: wọ́n fún Warren Beatty ní àpòòwé tí kì í ṣe tirẹ̀, Faye Dunaway ka La La Land, àwọn oní-La La Land gun orí ìtàgé, wọ́n ti ń dúpẹ́ kí wọ́n tó sọ pé Moonlight ni. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, àwọn ọ̀gá àsọtẹ́lẹ̀ fọ́nnu ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni ohun tí àwọn tí ó kọ Moonlight sọ nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí. Wọn kò sọ̀rọ̀ olùdìbò. Ibi tí Juan ti gbé ọmọdékùnrin náà lé omi òkun lọ́wọ́ kan, tí ó ń kọ́ ọ láti lúwẹ̀ẹ́, ni wọ́n ń sọ, àti bí omi náà ṣe ń gbá ojú kámẹ́rà tí àwa tí a ń wò ó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mumi. Ọ̀kan nínú wọn rántí pé Juan sọ fún ọmọ náà pé Kúbà ni òun ti wá, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà irú ènìyàn tí àwọn ará Kúbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ sí wa. Ìbéèrè yẹn gbà wá di ìdájí.

Ti ọdún 2021 kò gún. Àwọn tí ó ṣètò ayẹyẹ náà pàápàá kó sínú eré yìí: wọ́n fi ẹ̀bùn òṣèrékùnrin ṣe ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé nítorí Chadwick Boseman, tí ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Anthony Hopkins ni wọ́n pè, kò sì sí níbẹ̀, ó wà ní Wales. Ní ọjọ́ kejì, àsọtẹ́lẹ̀ tí ó yẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ohun tí Boseman ṣe nínú Ma Rainey's Black Bottom, àti ti Hopkins tí ó ṣe bàbá arúgbó tí ń ṣarán nínú The Father, kò rí ẹni sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ti àwọn fíìmù tí kì í tilẹ̀ dé orí bébà. Ní 2019, Lionheart ti Genevieve Nnaji ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ fún ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n dá a padà ní oṣù kọkànlá nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni pé àwa ni a lọ fi ọwọ́ ara wa mú Gẹ̀ẹ́sì wá sílé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Parasite, tí èdè Kòríà ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, gba ipò kìíní nínú gbogbo fíìmù, èyí tí fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe rí. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tí ń yan fíìmù fún Nàìjíríà dìbò pé kò sí èyí tí ó tó láti fi ránṣẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni Elesin Oba jáde, tí Biyi Bandele darí láti inú eré Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n sì sọ Yorùbá nínú rẹ̀. Òun ni fíìmù ìkẹyìn Bandele. Ó ti kú kí fíìmù náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa tí a ti ń kọ bébà lọ́dọọdún, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ó dára tàbí kò dára. Kò sí nínú ìwé, nítorí náà kò sí ohun tí a fẹ́ fi í sọ tẹ́lẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa eré náà tì. A ní kí a fa ìlà sí àárín bébà. Kí a kọ ẹni tí yóò gbà á sí apá kan, kí a kọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á sí apá kejì. Apá kìíní, kí a fi máàkì sí i bí a ti ń ṣe, kí ọ̀gá sì máa fọ́nnu rẹ̀ lọ. Apá kejì kò ní àpòòwé. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ sí i gbọ́dọ̀ ti wo fíìmù náà, kí ó sì lè sọ ibì kan nínú rẹ̀ fún ilé, ní Yorùbá, bí kò tilẹ̀ já geere, tí yóò mú kí àwọn yòókù lóye ìdí. Kí a fi àyè kan sí ìsàlẹ̀ fún fíìmù tí kò sí nínú ìwé wọn rárá. Ẹni tí kò bá tíì wo ìkankan, kí ó fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀.