Ta Ló Ni Àyè Ọ̀rọ̀? Àyẹ̀wò Èdè Inú Ìlànà ISO 15118

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í sábà ka ìwé ìlànà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. A máa ń rò pé nọ́ńbà àti àwòrán wáyà nìkan ló kún inú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló ń ṣètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ni yóò sọ, báwo ni ẹnì kejì yóò ṣe dáhùn, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yóò parí. Ìwé náà ni ISO 15118, ìlànà àgbáyé tó sọ bí ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná àti ibùdó tó ti ń gba iná yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìlànà náà ń fi orúkọ ìdúnàádúrà pe ohun tí kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láì kíyè sí èyí yóò ṣi àwọn òǹkàwé rẹ̀ lọ́nà.

Apá méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò: ISO 15118-2 tó jáde ní 2014, àti ISO 15118-20 tó jáde ní 2022. Ìyàtọ̀ pàtàkì àárín wọn ni pé ti 2022 fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ láti dá iná padà sí òpó iná ìlú, kì í ṣe pé kó máa gbà á nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ìlú nìyẹn, nítorí bátìrì ọkọ̀ tó dúró sójú kan lè ran ìlú lọ́wọ́ nígbà tí iná bá wọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àmì wà. Ìlànà mìíràn, IEC 61851-1, ló ṣètò àmì yìí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ ibùdó. Bí agbára iná inú wáyà yìí bá jẹ́ fóltì 12, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Bó bá wálẹ̀ sí 9, ọkọ̀ ti dé ṣùgbọ́n kò tíì ṣe tán. Bó bá di 6, ọkọ̀ ti ṣe tán láti gba iná. Ibùdó náà ní tirẹ̀ ń tan àmì yìí, ó sì ń pa á, ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àkókò títàn rẹ̀ ṣe gùn tó ló ń sọ iye iná tí ọkọ̀ lè gbà: ìdá 10 nínú 100 túmọ̀ sí ámpíà 6, ìdá 50 túmọ̀ sí ámpíà 30.

Ẹni tó ń sọ èdè olóhùn mẹ́ta lè fẹ́ fi ipele mẹ́ta yìí wé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Àfiwé náà kò lọ jìnnà. Ohùn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Níhìn-ín, ipele kọ̀ọ̀kan ni odidi iṣẹ́ tí a ń jẹ́. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé àwọn méjèèjì lè sọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà. Ọkọ̀ ń yí ipele padà, ibùdó ń yí gígùn padà. Bí iná ìlú bá dín kù ní agogo méje alẹ́, ibùdó lè dín ìpín ọkọ̀ kù láì dúró de ìbéèrè kankan, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àmì tí kò ní gírámà yìí fún onílé láyè láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí ìdá náà bá jẹ́ 5 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a fi àmì sílẹ̀, kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gidi. Níbí ni ISO 15118 ti gba iṣẹ́. Ọkọ̀ a kọ́kọ́ to àwọn irú ìlànà tó gbọ́ sílẹ̀, ibùdó a mú ọ̀kan tí òun náà gbọ́. Lẹ́yìn náà, méjì-méjì ni gbogbo iṣẹ́ ń rìn: ọkọ̀ a rán èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí Req, ibùdó a fi èyí tó parí sí Res dáhùn. SessionSetupReq, SessionSetupRes; PowerDeliveryReq, PowerDeliveryRes. Ibùdó kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá àṣà wa mu. Àlejò tó dé ló ń kí ẹni tó wà nílé: "Ẹ kú ilé o." Onílé a dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀." Ṣùgbọ́n ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ìkíni ni onílé máa ń gba ọ̀rọ̀: ṣé àlàáfíà ni? Ibo lẹ ti ń bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síbí. Nínú ISO 15118, onílé kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ rárá. Bó bá ní nǹkan láti sọ, àfi kó fi í há àárín èsì tó ń fún àlejò. Ní 2014, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló lè fi há a: None, StopCharging àti ReNegotiation, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan, tàbí dáwọ́ dúró, tàbí jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ sọ. Ní 2022 wọ́n di mẹ́fà, ṣùgbọ́n inú èsì náà ni wọ́n ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ ReNegotiation yìí ló gba àròjinlẹ̀ jù. Kí ni ìlànà náà pè ní ìdúnàádúrà? Ọkọ̀ a sọ ìgbà tó fẹ́ lọ àti iye iná tó nílò. Ibùdó a gbé ètò àsìkò kalẹ̀, kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, tó sọ iye iná tó wà ní àsìkò kọ̀ọ̀kan, ó sì lè fi owó rẹ̀ kún un. Ọkọ̀ a mú ọ̀kan, a sì sọ bí yóò ṣe lò ó. Ó lè lo iye tó kéré sí ti ètò náà, ṣùgbọ́n kò lè kọjá rẹ̀, kò sì lè dá ètò kẹrin tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ná ọjà ní Ouando mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìnájà. Nínú ìnájà, olùrà máa ń dá iye, ọlọ́jà a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, olùrà a tún dá tirẹ̀. Ohun tó wà nínú ISO 15118 ni ìfilọ̀ àti ìṣàyàn.

Orúkọ mìíràn tún wà tó yẹ kí àwa tó ń ka Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ kíyè sí: CurrentDemandReq. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń rán léraléra nígbà tó bá ń gba iná kíákíá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, demand le ju request lọ. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ń fi agbára béèrè. Ti èkejì rọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo wá kó líle àti rírọ̀ pọ̀. Òǹkàwé tó bá fi etí Faransé gbọ́ ọ kò ní gbọ́ líle kankan, nítorí demande kò ju bíbéèrè lásán lọ. Ní ti Yorùbá, "béèrè" gba méjèèjì, ó sì tún gba ìbéèrè tó ń wá ìdáhùn. Bí a bá kọ "ìbéèrè" sí iwájú gbogbo Req, a ti sọ ìyàtọ̀ nù. PowerDeliveryReq, fún àpẹẹrẹ, ìpinnu ni ọkọ̀ ń kéde nínú rẹ̀.

Ìyípadà tó tóbi jù wà nínú apá ti 2022. Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n pè ní Scheduled, ọkọ̀ ṣì ń yan ètò. Nínú èyí tí wọ́n pè ní Dynamic, ọkọ̀ a sọ ìgbà tó fẹ́ lọ àti ìwọ̀n iná tí kò gbọdọ̀ dín kù, ibùdó a sì máa sọ iye tó gbọ́dọ̀ gbà tàbí kó dá padà. Àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ àlejò, ó ti bọ́ sọ́wọ́ onílé. Síbẹ̀, ètò ọ̀rọ̀ kò yí padà: ọkọ̀ ṣì ni ó ń sọ Req, ibùdó ṣì ń sọ Res. Àṣẹ wá ń rìn nínú aṣọ èsì. Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan yóò rò pé ọkọ̀ ni ọ̀gá.

Onímọ̀ ẹ̀rọ lè sọ pé a ń da ara wa láàmú. Ìbéèrè àti èsì ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi já mọ́ nǹkan ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, nígbà tí iná bá ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá sinmi láàárín, tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì dúró, kò sí ìbéèrè tí ibùdó lè fi ọ̀rọ̀ há èsì rẹ̀. Ó ní láti padà sórí àmì wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láti jí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó lè tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé onílé nílò àyè tí a kò fún un. Èkejì, yíyára ọ̀rọ̀ kò sọ ẹni tó láṣẹ fún wa.

Èyí kàn wá. Ní Kútọnu àti ní Lomé, àwọn oní-zémìjàn ti ń gun alùpùpù oníná, wọ́n sì ń pààrọ̀ bátìrì tó ti tán sí èyí tó kún. ISO 15118 kò ka irú wọn sí àlejò, nítorí wọn kì í jókòó. Bátìrì ni ó ń kù sílẹ̀ nínú ilé. IEC 62840 ló sọ̀rọ̀ nípa pípààrọ̀ bátìrì. Bí ibùdó ìpààrọ̀ bá fẹ́ bá iná ìlú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan nípa bátìrì tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀, awakọ̀ kò ní sí níbẹ̀ láti sọ ìgbà tó fẹ́ lọ. Ìgbà náà ni yóò ṣe pàtàkì pé kí ìwé tí a bá kọ fún un ní Yorùbá sọ ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ń yàn.

Nítorí náà, àbá wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé orúkọ, kí wọ́n tẹ̀ lé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Kí "ìṣàyàn" dúró fún ohun tí ìwé ọdún 2014 pè ní ìdúnàádúrà, kí "àtúnyàn" sì dúró fún ReNegotiation. Kí "ìbéèrè" wà fún Req tó ń béèrè nǹkan nìkan. Èyí tó ń kéde ìpinnu, "ìkéde" ni kó jẹ́. Kí èsì inú Dynamic máa jẹ́ "èsì alááṣẹ". Ìdúnàádúrà ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi pamọ́ di ọjọ́ tí ìlànà bá gba ọkọ̀ láyè láti dá iye tirẹ̀.